Ọmọ Prámárì 4 tí kò lè kàwé: bí ẹ ṣe lè gbé e dé orí ìtàn kíkà ní ọjọ́ 50

Ẹ fi ìlà mẹ́rin Yorùbá lé ọmọ Prámárì 4 lọ́wọ́ pé kó kà á sókè. Òmíràn á máa wo ojú yín. Òmíràn á dárúkọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní í mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n di. Òmíràn á ka ohun tó ti há sórí láti inú ìwé kíláàsì rẹ̀, tí kò bá èyí tó wà níwájú rẹ̀ mu rárá. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni àrùn Kòrónà fi ti ilé ìwé pa ní Èkó ní 2020. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, kíláàsì tó kàn ni wọ́n kó àwọn ọmọ sí, yálà wọ́n mọ ti àtẹ̀yìnwá tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́sìn ni ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́ fi ń wá àtúnṣe. Wọ́n á dá ọmọ dúró lẹ́yìn aago méjì, wọ́n á tún ìwé Prámárì 4 tí kò yé e láàárọ̀ ṣí fún un. Lẹ́sìn bẹ́ẹ̀ kò lè ran ọmọ tí kò tíì mọ «ba» yàtọ̀ sí «bẹ» lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ dán ọmọ wò lẹ́nu, kí ẹ pín wọn nípa ohun tí wọ́n mọ̀, kí ẹ sì kọ́ wọn láti ibẹ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́. Pratham, àjọ kan ní Íńdíà, ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí hàn káàkiri. Bí a ṣe ń ṣe é ní èdè Yorùbá, nínú ilé ìwé tó ní bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì nìkan, ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ká sọ pé ọmọ 60 ni ẹ ní láti Prámárì 3 dé 5. Ẹ máa nílò:

- Olùkọ́ mẹ́ta. Bí méjì péré ló wà, àgùnbánirọ̀ tàbí ọmọ àdúgbò tó parí SS3 tó sì ń ka Yorùbá geere lè ṣe ẹnì kẹta.
- Káádíbọọ̀dù funfun mẹ́fà, máákà dúdú méjì, pupa kan.
- Ìwé ìdánwò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, A, B àti D, tí ẹ kọ gàdàgbà.
- Ìdérí ìgò mínírà tó tó 200, tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí inú wọn.
- Ẹyọ igi ọwọ̀ (ìgbálẹ̀) 110 fún ọmọ márùn-ún márùn-ún, àti rọ́bà tí a fi ń di owó.
- Ìwé kan tí ẹ ó fi ṣe rẹ́jísítà, tó ní àyè fún nọ́ńbà fóònù méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Má fojú kéré nọ́ńbà kejì yẹn. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ 1: Gba wákàtí náà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé

Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kí ẹ tó ra nǹkan kan. Ẹ̀bẹ̀ yín jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo: wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí Prámárì 3, 4 àti 5 máa ṣe é ní àsìkò kan náà. Láàárín aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló dára jù.

Ibi méjì ni wọ́n ti máa ń ṣìnà níbí. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ìparí ilé ìwé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń dúró dè ní ọjà ẹja Olúwo kò ní í jókòó, àwọn tó sì ń sá lọ yẹn gan-an ni ẹ ń wá. Èkejì ni kí kíláàsì kan ṣoṣo máa dá a ṣe. Bí Prámárì 3 bá ń ṣe ìṣirò nígbà tí Prámárì 5 ń ṣe ìwé kíkà, ẹ kò ní í rí ọ̀nà kó àwọn tó wà ní ipele kan náà pọ̀.

Àyẹ̀wò: wákàtí náà ti wà lórí tàìmùtébù tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Dán ọmọ kọ̀ọ̀kan wò lẹ́nu

Má fi ìwé àti bírò dán wọn wò. Ọmọ tó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè da gbogbo rẹ̀ kọ láì lè ka ìlà kan. Ìwé ìdánwò yín ní ipele mẹ́rin. Èyí ni A. Ẹ fi àwòṣe rẹ̀ ṣe B àti D:

Lẹ́tà: k, ẹ, gb, o, ṣ, m, ọ, t, p, s

Ọ̀rọ̀: ilé, ẹja, omi, bàtà, ọkọ̀, ṣíbí, ìgbálẹ̀, àpò, gèlè, ọjà

Ìpínrọ̀: Ṣadé lọ sí ọjà. Ó ra ẹja méjì. Ẹja kan bọ́ sí omi. Ó mú èkejì lọ sílé.

Ìtàn: Bàbá Wálé ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Ní àárọ̀, ó máa ń wà á lọ sójú ọ̀sà. Lọ́jọ́ kan, Wálé bá a lọ. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gan-an. Omi ń wọ inú ọkọ̀. Wálé mú igbá, ó ń gbọ́n omi dànù. Bàbá rẹ̀ yí ọkọ̀ padà sí etí omi. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ìyá Wálé ti ń dúró dè wọ́n.

Orí ìpínrọ̀ ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá kà á bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ẹ gbé e lọ sórí ìtàn. Bó bá ka ìtàn náà bẹ́ẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: kí ni Wálé fi gbọ́n omi? Kí nìdí tí bàbá rẹ̀ fi yí ọkọ̀ padà? Bí ìpínrọ̀ bá ṣòro fún un, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀rọ̀, kó mú márùn-ún tó bá wù ú. Mẹ́rin nínú márùn-ún ló gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó kọ «ọ̀rọ̀» sí iwájú orúkọ rẹ̀. Bí kò bá gbà á, ẹ lọ sórí lẹ́tà, ìlànà kan náà. Ẹni tí kò gba lẹ́tà mẹ́rin nínú márùn-ún wà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló tó fún ọmọ kan. Ọmọ 60 pín sí ọ̀nà mẹ́ta, wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀.

Olùkọ́ tó láàánú ló ń ba ìdánwò yìí jẹ́ jù. Bí ọmọ bá ti dúró díẹ̀, ẹnu olùkọ́ ti ṣí: «Ẹ... ẹ... ẹja!» Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sínú, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ipele tó kàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó ń dúró gbọ́, torí ọmọ kẹta ti há ìpínrọ̀ náà sórí kó tó kàn án. Ẹ gbé àga sábẹ́ igi tó jìnnà sí ọ̀wọ́ wọn.

Bí ọmọ kan kò bá gbọ́ Yorùbá nílé (ọmọ Ìjọ̀ tàbí Ẹ̀gùn tó wà létí omi, fún àpẹẹrẹ), ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá dáhùn dáadáa, ẹ dán an wò bíi ti àwọn yòókù. Bí kò bá gbọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè kàwé. Èdè ni ìṣòro rẹ̀, a sì máa ń wo ìyẹn lọ́tọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ mú ọmọ márùn-ún, kí olùkọ́ mìíràn tún wọn dán wò láì wo èsì àkọ́kọ́. Bí èsì mẹ́rin bá dọ́gba, ìdánwò yín dúró. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ẹ tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Pín wọn sí mẹ́ta

Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́tà. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tó wà lórí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn ti ìpínrọ̀ àti ìtàn. Ọmọ Prámárì 5 lè bá ọmọ Prámárì 3 jókòó. Wákàtí kan náà ni, lẹ́yìn rẹ̀ kálukú padà sí kíláàsì rẹ̀.

Ojú máa ń ti àwọn àgbà inú wọn, ìtìjú yìí ló sì ń lé wọn kúrò nílé ìwé. Ẹ fi orúkọ ẹja pe àwọn ẹgbẹ́ náà: Ọ̀bọ̀kún, Ẹpìyà, Àrọ̀. Kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó máa ka ìyẹn sí èébú. Ẹ má pè wọ́n ní «A, B, D», ẹ má sì sọ «àwọn tí kò mọ̀wé» níwájú wọn tàbí lẹ́yìn wọn.

Olùkọ́ tó dáńtọ́ jù ni kó gba ẹgbẹ́ kìíní, kí ọmọ rẹ̀ má sì ju 25 lọ. Òdì èyí ni wọ́n ń ṣe níbi púpọ̀: wọ́n á fi àgùnbánirọ̀ tó dé lánàá sídìí àwọn tí kò mọ nǹkan kan, olùkọ́ àgbà á lọ jókòó ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ kẹta lè kàwé fúnra wọn fún ìṣẹ́jú ogún. Ẹgbẹ́ kìíní kò lè ṣe ìṣẹ́jú méjì láìsí ẹni tó mọṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ya àtẹ àpótí 126

Irinṣẹ́ tó lágbára jù nínú iṣẹ́ yìí ni. Yorùbá ní kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì àìránmúpè méje. Ẹ kọ fáwẹ̀lì méje sókè káádíbọọ̀dù: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ẹ kọ kọ́ńsónáǹtì 18 sí ẹ̀gbẹ́ òsì wálẹ̀, láti b dé y. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹ kọ ìró náà: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Dúdú ni ẹ ó fi kọ lẹ́tà, ẹ ó fi pupa kọ àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kí ojú ọmọ lè rí i. Ìlà n ní àpótí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, bíi «ne» àti «no». Ẹ sáré kọjá ibẹ̀. Àtẹ mẹ́ta ni ẹ ó ṣe, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Káádíbọọ̀dù mẹ́ta tó kù ni ẹ ó fi kọ ìtàn kúkúrú.

Gb jẹ́ lẹ́tà kan. Bí ẹ bá gé e sí méjì, ọmọ á ka «igbá» sí «i-gí-bá». Bákan náà, ẹ pe orúkọ lẹ́tà ní ti Yorùbá: bí, dí, fí, gí, gbí. Ọmọ tó bá ń sọ «bíì, eè, bíì, eè» ti da lẹ́tà èdè méjì pọ̀, kò sì ní í gbọ́ «bàbá» jáde nínú rẹ̀ láéláé.

Àyẹ̀wò: ẹ pe olùkọ́ tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kó dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ó gbọ́dọ̀ rí ìyàtọ̀ so àti ṣọ láti ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí wákàtí náà ṣe ń lọ

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹnu. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan kan: ta ló rí ẹja tó tóbi jù lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ kọ gbólóhùn ọmọ kan sórí bọ́ọ̀dù bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ kà á, ẹ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tí èdè ń dà láàmú á rí ohùn tiwọn náà níbí.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti àtẹ. Ìlà méjì lójúmọ́ tó. Ẹ kà á láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè wálẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fò káàkiri: bọ, ka, ṣi, gbe. Lọ́jọ́ kẹta ẹ mú ohùn wọ̀ ọ́. Ọwọ́ sísàlẹ̀ fún dò, ọwọ́ àyà fún re, ọwọ́ òkè fún mí. Bà, ba, bá. Nígbà tí ọwọ́ wọn bá ti bá ohùn mu, ẹ fún wọn ní ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n èwo ni a fi ń roko, èwo ni a fi ń gun ọ̀sà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ fún wọn ní igba, igbá, ìgbà. Ẹ má fi àmì ohùn sílẹ̀ di ìparí. Ọmọ tó kọ́kọ́ kà láìsí ohùn á máa méfò láti inú gbólóhùn, ìyẹn sì máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára.

Ìṣẹ́jú ogún jẹ́ ti ìwé kíkà. Ẹ̀yin ka ìpínrọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan geere. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé yín pẹ̀lú ìka. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kà á fún àwọn yòókù. Ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ń wó jù. Kíláàsì tó ń ké papọ̀ ní ohùn kan dùn ún gbọ́, ọ̀gá tó ń kọjá lọ á rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ ọmọ mẹ́rin ló ń kàwé níbẹ̀, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé ohùn. Ẹ má jẹ́ kí ohùn kan ju ìgbà méjì lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìwé kíkọ. Ẹgbẹ́ kìíní á fi ìdérí mínírà tò ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó kọ ọ́. Àwọn yòókù á kọ gbólóhùn tiwọn. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù pa àlọ́ tàbí tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ.

Àyẹ̀wò ojoojúmọ́: kí wọ́n tó jáde, ẹ fi igi tọ àpótí mẹ́ta tí kò tò tẹ̀ léra, kí ọmọ mẹ́fà tí ẹ kò pè lánàá dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́rin bá gbà á, ẹ kọjá lọ́la. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìlà yẹn ṣe.

Bí òbí bá ní kì í ṣe Yorùbá lòun ní kí ọmọ òun wá kọ́

Wọ́n á sọ ọ́, ẹ̀rù wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò tó wà níwájú. Ẹ sọ fún wọn pé ìwé kíkà ni ẹ ń kọ́ ọmọ, àti pé ẹni tó bá ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ìró ní èdè tó gbọ́ kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní èdè kejì. Láti 1970, Babatunde Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹgbẹ́ kẹta ní ìpínrọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tí Yorùbá kò ní: c, q, v, x, z.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìṣirò pẹ̀lú ọwọ̀

Ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn ìwé kíkà, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó tó. Ọmọ márùn-ún pín ọwọ̀ 110: ìdì mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́wàá, àti ẹyọ mẹ́wàá lásán.

Ẹ gbé 43 yọ 27 síwájú wọn. Ìdì mẹ́rin, ẹyọ mẹ́ta. A fẹ́ mú ẹyọ méje, kò tó. Ẹ tú ìdì kan. Ó ku ìdì mẹ́ta, ẹyọ 13. Ẹ mú ẹyọ méje, ẹ mú ìdì méjì. Ìdì kan àti ẹyọ mẹ́fà ló kù.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Bí ẹ bá pe 27 ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n tó dín mẹ́ta ni ọmọ gbọ́, kò sì rí ọgbọ̀n tàbí mẹ́ta lórí tábìlì. Ìdáhùn náà, ẹẹ́rìndínlógún, ogún tó dín mẹ́rin ni. Kíkà Yorùbá péye, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà. Nígbà tí ọwọ̀ bá wà nílẹ̀, ẹ sọ «ìdì méjì, ẹyọ méje». Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ wá so orúkọ náà mọ́ ọn.

Àyẹ̀wò: ọmọ tú ìdì fúnra rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ sọ fún un.

Ìgbésẹ̀ 7: Tún wọn dán wò, kí ẹ sì gbé wọn kúrò

Ìwé B ní ọjọ́ 15, D ní ọjọ́ 30, A lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ 50. Ẹni tó bá gòkè, ẹ gbé e lọ sí ẹgbẹ́ tó kàn lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ní tááàmù tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò sí ẹni tó ń jáde nínú rẹ̀ ti di ẹ̀wọ̀n.

Bí ọmọ kan kò bá kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, ẹ wo rẹ́jísítà ṣáájú ohunkóhun. Bó bá ti pa ọjọ́ márùn-ún jẹ, àìwá ni àìsàn rẹ̀. Bó bá ń wá déédéé, ẹ gbé e sún mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bó gbọ́. Ojú àti etí ni ẹ ń wá, kí ẹ lè ní kí ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má ka ọ̀sẹ̀ Káyòkáyò, ọdún tí wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́, mọ́ ọjọ́ 50 yín. Ọmọ kò ní í sí níbẹ̀, ẹ kò sì ní í lè bá wọn wí.

Ìgbésẹ̀ 8: Múra sílẹ̀ kí ilé ìwé tó tún tì

Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2005 ní Pakistan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ilé ìwé fi tì. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà nítòsí ibẹ̀ ti rẹ̀yìn bí ẹni tó pàdánù ju ọdún kan ààbọ̀ lọ, torí àlàfo náà kàn ń gbòòrò sí i nínú kíláàsì tí kò dúró dè wọ́n. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìtìpa bá yín lójijì.

Ní Botswana ní 2020, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìṣirò ránṣẹ́ sí àwọn òbí kan, wọ́n sì fi ìpè fóònù kún un fún àwọn mìíràn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn tí wọ́n pè ni ó hàn pé ọmọ wọn gbèrú. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lè gbé gbogbo rẹ̀. Kò pọn dandan kó ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ńbà méjì tí ẹ gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ló wá wúlò níbí. Ẹ pe gbogbo wọn wò nísinsìnyí, nígbà tí ilé ìwé ṣì wà ní ṣíṣí. Nọ́ńbà tí kò lọ, ẹ gba òmíràn, ti aládùúgbò tàbí ti ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ogún ni olùkọ́ kan lè mú: mẹ́rin lójúmọ́, ọgọ́rin ìṣẹ́jú. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ márùn-ún àti ìṣirò kan. Ẹ pè lẹ́yìn aago méje alẹ́, nígbà tí ìyá bá ti ti ọjà dé.

Ìpè náà lọ báyìí: ẹ kí ìyá, kó gbé fóònù sí gbangba. Ọmọ ka ọ̀rọ̀ márùn-ún náà. Ẹ fún un ní ìṣirò tó jọ ti àtẹ̀jíṣẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ sọ iṣẹ́ kan fún ìyá, ọ̀kan péré, bíi: «Ẹ ní kó ka orúkọ tó wà lára àpò ìrẹsì fún yín.» Bí ìyá bá ní òun kò mọ̀wé, ẹ sọ fún un pé etí ni ẹ nílò. Bí ọmọ bá kà á, tí ó dún bí ọ̀rọ̀, ó tọ̀nà. Bó bá dún bí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tún un kà.

Àyẹ̀wò: lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ọmọ tó sọ̀rọ̀, ẹ bi ìyá pé kí ló kà fún un. Bó bá lè dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ náà ti ṣe nílé. Bó bá ní «ó kà á dáadáa» láì lè sọ ohun tó kà, ẹ fún un ní iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì dín in kù sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta.